Irin Tí Mo Lù ní Òdìkejì Ọ̀sà

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ ní ọjọ́ Sátidé náà nígbà tí mo ṣí ìlẹ̀kùn yàrá wa ní Agbójú tí mo sì bọ́ sí ìta. Ìyá Ràfí, aya mi, tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà. Ó ti di ẹ̀kọ mẹ́ta àti mọ́ínmọ́ín méjì sínú ọ̀rá fún mi, ó sì tún ìkìlọ̀ rẹ̀ sọ fún ìgbà kẹta.

"Bàbá Ràfí, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ òní ni ìpàdé yín o. Ẹ má jẹ́ kí omi gbé yín lọ kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ yín."

"Bí omi bá gbé mi, omi á kúkú dá mi padà. Àwọn tó gbé orúkọ mi lọ kò tíì dá a padà."

"Ẹ ò rí i? Ẹnu yìí gan-an ló ń kó bá yín. Tí ẹ bá dé odò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ sómi."

Kí n tó wọ ọkọ̀, ó yẹ kí ẹ̀yin tí ẹ wà nílé mọ ohun tí ó lé ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, sí orí ọ̀sà. Iṣẹ́ ọdẹ alẹ́, èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní mégáàdì, ni mo ṣe fún ọdún mọ́kànlá ní ẹnu géètì kúlóòsì kan ní Fẹ́sítáàkì. Kúlóòsì ni wọ́n ń pe àdúgbò kékeré tí ó ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Ìwé kẹrin ni mo kà dé nígbà tí bàbá mi kú ní Ìsẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn Yorùbá ni mo fi ń lé oorun lọ ní ẹnu géètì yẹn, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ bí a ti ń to ọ̀rọ̀.

Ẹ̀là irin rélùwéè kan wà tí a so rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ géètì náà. Bí wákàtí kan bá ti pé ni ọdẹ gbọ́dọ̀ lù ú, kí àwọn onílé lè mọ aago tí ó lù, kí wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tí ń ṣọ́ wọn kò sùn. Olúkúlùkù ọdẹ ní bí ó ti ń lu tirẹ̀. Èmi a kọ́kọ́ lù ú lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, bí ẹni ń sọ pé "mo ń bẹ". Lẹ́yìn náà ni n ó wá lu iye aago ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi lù ú bẹ́ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Alága ẹgbẹ́ onílé, àgbàlagbà tí ó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rí, wá bá mi ní ẹnu géètì. Ó ní: "Lásísì, àwọn kan ní irin rẹ kò jẹ́ káwọn sùn. Máa ṣọ́ wa láìpariwo." Kò fún mi ní ìwé, ẹnu ni ó fi sọ ọ́. Mo so ọmọ irin tí mo fi ń lù ú kọ́, n kò sì lù ú mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn olè fo ògiri ẹ̀yìn, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ amúnáwá ilé kan lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi ara wọn: ta ni ó gbọ́ irin ní òru àná? Kò sí ẹni tí ó gbọ́ ọ. Wọ́n bá kọ ìwé pé mo sùn lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì kà á sókè ní ìpàdé gbogbo ilé, níwájú àwọn ọmọ tí mo ti máa ń gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ilé ìwé láti ìgbà tí wọ́n wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Mo yíjú sí Alága. Ó ní òun kò rántí pé òun sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ fèsì, àgbọ̀n mi le; nígbà tí ohùn sì jáde, igbe ni ó bá dé. Wọ́n ní oníjàgídíjàgan ni mí, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì tì mí síta.

Èmi kò béèrè iṣẹ́ náà padà. Ohun tí mo ń béèrè láti oṣù mẹ́rin ni pé kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ nínú ìwé yẹn: pé mo sùn. Mo lọ, mo bọ̀, títí wọ́n fi gbà láti tún ẹjọ́ náà gbọ́ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Sátidé yìí. Ẹ̀rù tí ó sì ń bà mí ni pé n ó tún pariwo.

Ọrùn tí kò ṣeé yí mọ́ ni ó gbé mi dé ọ̀dọ̀ Àǹtí Bọ́sẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fi ọwọ́ wo iṣan àti egungun. Ó tẹ ọrùn mi títí, ó ní: "Bàbá, ọrùn yín ò ṣàìsàn. Ó ń ṣọ́ nǹkan ni." Ó sọ fún mi pé ní Sátidé kan nínú oṣù, òun a máa kó àwọn tí ara wọn ti le, àti àwọn tí oorun ti kọ̀, lọ sí òdìkejì ọ̀sà láti lọ kọ́ fífetí sí ara. Ó ní bí mo bá lè gbọ́ ara mi kí ó tó pariwo, ẹnu mi kò ní í pariwo. Ohun tí mo ń bá lọ nìyẹn.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mo wọ̀ ní Agbójú. Àwọn ìyá ti ń to tòmátì àti ata rodo sórí àpò ní ẹ̀bá títì, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ń bọ̀ láti Máìlì Tuu sì ti to ara wọn lọ gbọọrọ bí ẹni ń retí àánú. Mo na ọ̀ọ́dúnrún náírà sí awakọ̀.

"Irínwó ni, Bàbá."

"Ọ̀ọ́dúnrún ni mo wọ̀ ọ́ lánàá."

"Epo àná kọ́ ló wà níbẹ̀ yẹn o. Àbí kí n fi àná gbé yín lọ?"

Mo san irínwó. Títì inú Fẹ́sítáàkì fẹ̀, ó sì dákẹ́ ní ìdájí. Igi fúrúùtù a máa da ewé pupa rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, àwọn tí ń sáré ìdárayá a sì máa gba àárín títì kọjá bí ẹni pé a kò ṣe é fún ọkọ̀. Ọ̀nà náà ní kòtò ní ibi mẹ́ta, mo sì mọ gbogbo wọn bí mo ti mọ eyín mi. A kọjá ní iwájú kúlóòsì náà. Mo wo géètì. Ẹ̀là irin rélùwéè náà ṣì so rọ̀ níbẹ̀, ó ti dógùn-ún. Mo rí i pé ọwọ́ ọ̀tún mi ti di ẹ̀ṣẹ́ lórí itan mi, n kò sì mọ ìgbà tí ó dì.

Àwa méje ni a pàdé ní etí omi. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ni olórí wa, fìlà ràfíà wà lórí rẹ̀. Ẹni kejì tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ ni Ṣèyí, ọ̀dọ́bìnrin kan tí a bí tí a sì tọ́ ní Fẹ́sítáàkì, tí ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Àpápá, tí ó sì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Abẹ́ ojú rẹ̀ dúdú bí ẹni tí a fi èédú yí. Ó ní oṣù kẹrin rèé tí òun kò tíì sun oorun àsùngbádùn. Mo kí i kú ìfaradà, mo sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

Ẹgbẹ̀rún náírà ni owó ọkọ̀ ojú omi ní àlọ, ẹgbẹ̀rún sì ni ní àbọ̀. Sẹ̀wánù, ọkùnrin Ègùn tí ó ni ọkọ̀ náà, fún olúkúlùkù wa ní aṣọ aláwọ̀ ọsàn kan tí ó wú bí tìmùtìmù, èyí tí wọ́n ń pè ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Ìlò rẹ̀ ni pé bí ènìyàn bá já sómi, aṣọ náà kò ní í gbà fún un láti rì. Mo so ó mọ́ra, mo tún fi okùn rẹ̀ ta kókó kejì.

"Bàbá, ẹ jókòó sáàárín," ni Sẹ̀wánù wí. "Ẹ má sì máa nàró bí ẹni fẹ́ kí àna. Ọkọ̀ yìí ò mọ àna."

Ọ̀sà náà pọ́n bí omi tí a fi fọ ẹ̀wà. Ojú oró bo etí rẹ̀ lọ rẹrẹ, a ní láti dúró nígbà méjì kí Sẹ̀wánù lè tú ewé kúrò lára ẹ̀rọ. Lọ́nà jíjìn, àwọn irin gàgàrà tí ń gbé àpótí ẹrù ní èbúté na ọrùn sókè. Ìgbà tí ọkọ̀ fi máa gúnlẹ̀, etí mi kò gbọ́ fèrè ọkọ̀ kan mọ́, ó sì yà mí lẹ́nu pé etí mi ń dùn mí, bí èjìká ti í dùn ènìyàn nígbà tí ó bá sọ ẹrù kalẹ̀.

Abúlé náà kò ní ògiri, kò ní géètì. Iyanrìn funfun ni, igi àgbọn ni, àti àwọn ilé pákó tí a gbé ga lórí òpó. Ìyá àgbàlagbà kan tí yóò se oúnjẹ wa kí wa káàbọ̀, ó sì bu òsìn fún wa. Òsìn ni àwọn Ègùn ń pe omi. Lọ́dọ̀ wa ní Agbójú, omi inú ọ̀rá ni à ń fún àlejò, a ó sì wo ara ọ̀rá náà bóyá ó ní àmì. Igbá ni ó fi bu tirẹ̀, ó sì kọ́kọ́ mu díẹ̀ níbẹ̀ lójú wa kí ọkàn wa lè balẹ̀. Bí iṣẹ́ mi ti rí, n kò lè ṣàìbéèrè.

"Ìyá, ta ní ń ṣọ́ abúlé yín lóru?"

"Ajá."

"Ajá nìkan?"

"Ajá, àti èmi. Àgbàlagbà kì í sùn púpọ̀. Kí ni ẹ̀yin fẹ́ wá jí, Bàbá?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ olè kò tíì pa mí lẹ́rìn-ín láti oṣù mẹ́rin.

Àǹtí Bọ́sẹ̀ kó wa lọ sí etí omi lẹ́yìn abúlé, ó ní kí a bọ́ bàtà, kí a sì dúró sí ibi tí omi ti ń fẹnu kan iyanrìn.

"Ẹ má ṣe ohunkóhun. Ẹ kàn bi àtẹ́lẹsẹ̀ yín léèrè ohun tó ń gbọ́."

Ṣèyí na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó kígbe: "Mo gba ẹsẹ̀ mi padà lọ́wọ́ ọ̀tá ní orúkọ Jésù!"

"Àmín!" ni àwọn yòókù wí. Èmi tí mo jẹ́ Mùsùlùmí, mo bá wọn ṣe àmín kí n tó rántí ara mi.

"Ṣèyí," ni Àǹtí Bọ́sẹ̀ wí, "kò sẹ́ni tó gba ẹsẹ̀ ẹ. Òun lo dúró lé yìí. Wò ó."

Lẹ́yìn tí ẹ̀rín rọlẹ̀, a dúró. Mo gbọ́ iyanrìn tí ó ń yọ lọ lábẹ́ gìgísẹ̀ mi díẹ̀díẹ̀ bí omi ti ń padà. Mo gbọ́ orúnkún mi. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ń bá wa gòkè pẹ̀lú ohùn jẹ́ẹ́jẹ́: orúnkún, ìbàdí, ikùn, àyà. Ó ní bí a bá dé ibi tí ó le, kí a má ṣe bá a jà, kí a kí i bí à ti ń kí ènìyàn. Èyí yé mi ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí pé àwa Yorùbá kò ní ipò kan tí a kò ní ìkíni fún. Nígbà tí mo dé ọrùn mi, mo kí i nínú ọkàn mi pé: O kú iṣẹ́. Kò dáhùn. Mo ní: O kú ìdúró. Kò dáhùn. Mo wá rántí ìkíni tí àwọn onílé máa ń kí mi nígbà tí wọ́n bá ń jáde lọ sí ibi iṣẹ́ ní ìdájí, èyí tí etí mi kò tíì gbọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ka ìwé yẹn. Mo ní: O kú àìsùn. Ọrùn mi dẹ̀. Omi sì ń dà lójú mi, n kò mọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni mo kọ̀. Ó ní kí a dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn, kí a sì pa ojú dé. Àwọn márùn-ún yòókù dùbúlẹ̀. Èmi jókòó ṣinṣin.

"Bàbá Ràfí?"

"Àǹtí, ẹ má bínú. Mo ti búra pé ojú ènìyàn kan kò ní í rí mi pẹ̀lú ojú mi ní pípadé mọ́."

Mo retí pé yóò rọ̀ mí tàbí kí ó bá mi wí. Ó kàn jókòó tì mí.

"Ẹ má pa á dé, Bàbá. Ojú tó là náà lè sinmi. Ibo gan-an lára yín ló ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́?"

Mo fi ọwọ́ ọ̀tún mi hàn án. Ó tún ti di ẹ̀ṣẹ́.

"Kí ló fẹ́ ṣe?"

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ọkọ̀ ojú omi onírin kan wà nítòsí wa tí ó ti gbó, ìdajì rẹ̀ ti wọ inú iyanrìn. Mo dìde, mo he bóòtù ńlá kan, irin tí wọ́n fi de ara ọkọ̀, tí ó ti já lára rẹ̀. Mo wo aago ọwọ́ mi: aago mẹ́wàá kù díẹ̀. Mo dúró dè é gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń ṣe, ẹsẹ̀ òsì níwájú. Nígbà tí ó pé, mo lu irin náà. Ẹ̀ẹ̀mejì kíákíá. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí ó fi pé mẹ́wàá. Ohùn rẹ̀ rìn lórí omi, ó kan àwọn igi ní òdìkejì, ó sì padà wá bá mi. Mi ò mọ̀ pé ebi ohùn náà ti pa mí tó bẹ́ẹ̀.

Mo yí padà. Ṣèyí ti dìde jókòó, iyanrìn lẹ̀ mọ́ ọn nírun, ó ń wò mí bí ẹni rí òkú tí ó jí.

"Bàbá, ta ló kọ́ yín ní ìlù yẹn?"

"Ìlù wo?"

"Méjì kíákíá yẹn kí aago tó bẹ̀rẹ̀. Ọdẹ kan wà lẹ́yìn ògiri ilé wa tó máa ń lù ú báyẹn." Ó dárúkọ àdúgbò rẹ̀. Kúlóòsì tí ó fara ti tiwa ni. Ògiri ẹ̀yìn kan náà ni ó pín wa. N kò ṣílẹ̀kùn fún un rí, kò sì rí ojú mi rí.

"Èmi ni ọdẹ náà," ni mo wí.

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Jésù! Èmi ni mo ní kí wọ́n dá ìlù náà dúró. Èmi ni mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Alága kúlóòsì yín."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mi ò ní purọ́ fún yín. Inú mi ru. Bóòtù náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, àgbọ̀n mi sì tún ti di irin. Oṣù mẹ́rin ni mo ti ń wá "àwọn kan" tí Alága sọ, mo ti fi ojú inú rí wọn bí ọlọ́rọ̀ aláyà líle, a kò sì sọ fún mi pé ọmọ tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ mi ni, tí iyanrìn wà nírun rẹ̀. Igbe náà ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Àǹtí Bọ́sẹ̀ kò dì mí mú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó sọ: "Àtẹ́lẹsẹ̀." Mo ju bóòtù náà sílẹ̀, mo wọ inú omi dé orúnkún, mo sì dúró níbẹ̀ títí tí mo fi tún gbọ́ iyanrìn lábẹ́ gìgísẹ̀ mi. Igbe náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú mi. Mo kí i. Ó jókòó.

Nígbà tí mo padà, Ṣèyí ń sunkún.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí. Orí ń fọ́ mi nígbà yẹn, mo kàn fẹ́ sùn ni. Ẹ̀yin dákẹ́ lóòótọ́. Alẹ́ àkọ́kọ́, mi ò sùn. Alẹ́ kejì, bákan náà. Mo wá rí i pé láti ìgbà tí wọ́n ti kó mi wọ ilé yẹn, ìlù yín ni mo fi ń sùn. Tí mo bá ta jí, tí mo gbọ́ ọ, màá mọ̀ pé ẹnì kan wà lójúfò, màá sì padà sùn. Báyìí, tí mo bá ta jí, kò sẹ́ni kankan."

"Tí o kò sì lè sùn, kí ló dé tí o kò fi ní kí wọ́n sọ fún mi kí n padà máa lù ú?"

"Mo kọ ọ́ ránṣẹ́. Wọ́n ní ọdẹ yẹn ti lọ. Wọn ò sọ ìdí."

Mo sọ ìdí rẹ̀ fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohùn mi kò sì ga. Nígbà tí mo dé ibi tí Alága ti sọ pé òun kò rántí, ó fa fóònù yọ nínú báàgì, ó wá a lọ, ó wá a bọ̀ nínú Wáàsáàpù, ó sì nà án sí mi. Èdè Yorùbá ni Alága fi kọ èsì rẹ̀ sí i, mo sì lè kà á fúnra mi: "A ti sọ fún ọdẹ kí ó má lu irin mọ́. Ẹ sùn dáadáa o."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Aago mélòó ni ìpàdé yín?" ni Ṣèyí béèrè.

"Márùn-ún."

"Ó ti di tèmi náà nìyẹn."

Oúnjẹ ọ̀sán wa ni pirọ́ọ̀nù. Gàrí ni, ṣùgbọ́n dípò omi gbígbóná lásán tí àwa fi ń tẹ ẹ̀bà, omi ọbẹ̀ ẹja ni wọ́n fi ń rò ó, ata àti àlùbọ́sà a sì ti wà nínú rẹ̀ kí ó tó dé inú abọ́. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ náírà ni abọ́ kan pẹ̀lú ẹja tútù méjì. Bí mo bá fi ìyẹn wé iye tí wọ́n ń ta ẹja gbígbẹ ní Agbójú, mo lè sọ pé ìyá náà fi wá ṣe ọmọ. Mo fún un ní ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín Ìyá Ràfí. Ó jẹ mọ́ínmọ́ín náà tán, ó ní kí n sọ fún aya mi pé iyọ̀ rẹ̀ kò pé. N kò ní í jẹ́ iṣẹ́ náà.

Ní àbọ̀, oòrùn mú, afẹ́fẹ́ sì tutù lórí omi. Mo jókòó sáàárín gẹ́gẹ́ bí Sẹ̀wánù ti wí. Mo ń wo ojú oró tí ń léfòó láìsapá, mo sì ń ronú pé n ó wò ó títí dé èbúté. Ohun tí mo tún gbọ́ ni kọ̀ọ́-kọ̀ọ́ kíákíá lára irin ìjókòó, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan. Mo la ojú. Ṣèyí ni, ó di òrùka rẹ̀ mú, ó ń fi lu irin.

"Aago mẹ́ta ti lù, Bàbá. A ti dé."

"Mo sùn?"

"Ẹ han-run pàápàá!" ni Sẹ̀wánù dáhùn láti ẹ̀yìn. "Mo rò pé ẹ̀rọ mi ló bàjẹ́."

Ní ìrọ̀lẹ́ náà, ní ọgbà ilé Alága, ènìyàn mẹ́fà jókòó láti gbọ́ ẹjọ́ mi. Iyanrìn abúlé náà ṣì wà láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi nínú bàtà. Nígbà tí wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀, àgbọ̀n mi bẹ̀rẹ̀ sí í le. Mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́ iyanrìn náà, mo kí àgbọ̀n mi, mo sì bẹ̀rẹ̀.

"Lásísì, sọ̀rọ̀ sókè," ni Alága wí. "A ò gbọ́ ohun tí ò ń sọ."

"Alága," ni ìyá kan nínú wọn wí, "ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀yin náà lẹ ní kó má pariwo."

Lẹ́yìn mi, Ṣèyí dìde, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó ní òun ni òun kọ̀wé pé irin náà ń da oorun òun láàmú, ó sì gbé fóònù náà fún Alága. Alága mú awò ojú rẹ̀. Ó ka ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ó tún un kà. Adìẹ kan ń walẹ̀ lẹ́bàá ògiri, gbogbo wa sì ń gbọ́ èékánná rẹ̀.

"Èmi ni mo kọ èyí," ni ó wí níkẹyìn. "Ó ti lọ pátápátá lọ́kàn mi. Mo fi Ọlọ́run búra pé ó ti lọ."

N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Mo fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run tí ó fi búra. Wọ́n kọ ìwé tuntun níbẹ̀ lójú mi, pé ọdẹ Lásísì kò sùn, pé àwọn onílé fúnra wọn ni wọ́n ní kí ó dákẹ́. Mo ní ohun kan ṣoṣo ni ó kù: kí ẹnu tí ó ka ti àkọ́kọ́ ka èyí, ní ojú gbogbo ilé.

"Èmi ni n ó kà á," ni Alága wí. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wá wo ojú mi. "Lásísì, o kú àìsùn."

Wọ́n fún mi ní ẹ̀dà ìwé náà, wọ́n sì ní kí n padà sí ẹnu géètì. Mo ní n ó rò ó. Ṣèyí ní kí n jọ̀ọ́ kí n má rò ó pẹ́.

Nígbà tí mo délé, oòrùn kò tíì wọ̀. Ràfí ọmọ mi ka ìwé náà fún ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Ràfí nu ojú, ó ní: "Ẹ sọ ẹnu yẹn sómi lóòótọ́." Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi kò ju èyí lọ: òtítọ́ wà lọ́wọ́ mi láti oṣù mẹ́rin, mo sì ń fi igbe bò ó mọ́lẹ̀ fúnra mi, ara mi ni ó mọ bí a ti ń sọ ọ́, nígbà tí mo kí i tán. Mo tẹ́ ẹní sí ìta gbangba, ní ẹnu ọ̀nà, níbi tí gbogbo àdúgbò ń gbà kọjá. Mo na ara mi, mo pa ojú mi méjèèjì dé.

Mo sùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ̀wé nípa ti èyí, kí ó kọ ọ́, òótọ́ ni.